Ẹtu, Ìyàwó Olórí Igbó

Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sílé Ẹtu, ìyàwó Ẹkùn. Látọjọ́ tí Ẹkùn ti di olórí igbó, bó bá ti pa ọmọ ẹran kan jẹ, Ẹtu ló máa ń rán lọ tu ìyá ọmọ náà nínú:

"Ẹ nu omijé nù — Jàǹjàlá!
Olórí ń kí yín — Jàǹjàlá!"

Lọ́jọ́ kan, Ẹkùn pa àbúrò Ẹtu jẹ. Ẹtu kúnlẹ̀: "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n sunkún tèmi."

Ẹkùn ní, "Bí ìyàwó mi bá ń sunkún, ta ni yóò pè mí ní olórí rere? Lọ kí ìyá rẹ."

Ẹtu lọ, ó kọrin náà tán. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un bí àlejò. "A dúpẹ́, ìyàwó olórí. Ẹ bá wa kí wọn nílé."

"Ìyá mi, èmi ni o!"

Ìyá ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró sí.