Ọjọ́ Tí Asẹ́ Omi Há

Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀! Bí àbúrò bàbá àgbà ṣe máa ń fi sípánà lu páìpù láyé ọjọ́un, tó bá wá bá wọn tún asẹ́ omi ṣe, nìyẹn. Á wá pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Mo ti pa omi o!" kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bàbá àgbà ka gbogbo rẹ̀ sí fáàrí lásán. Abẹ́ síńkì ló wà báyìí, tó ń bá ìdérí asẹ́ omi tó há jìjàkadì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹni tó ní mi ò lè ṣí ìgò, lójú gbogbo ẹbí? Kí n kúkú kú síbí!"

Ó ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù: "Mo ṣí i. Ta ló nílò ẹ?" Fọ́tò ló kù tó fẹ́ fi sí i.

"Ojú á tì í lónìí!" Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó yí i.

Ìdérí ṣí. Omi tú yàà, ó gbá a lójú, ó sì ń ṣàn lọ sí pálọ̀.

"Ẹ pa omi!" ni ìyàwó rẹ̀ ń ké. "Níbo ni wọ́n ti ń pa á?"

Bàbá àgbà nawọ́ mú fóònù rẹ̀. Ó pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó fi ìka tútù tẹ òmíràn, ó sì fi ránṣẹ́:

"Àbúrò mi àtàtà, níbo lo ti máa ń pa omi?"