Ẹsẹ̀ Tó Kọjá Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa mọ́, ọmọbìnrin aránṣọ kan á fa sálúbàtà ìyá rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ títí dé orí àpáta létí odò. Àpáta kì í gba ipa ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sálúbàtà náà, á fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, á sì gba ojú títì padà sílé.

Nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Atọpasẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá náà. Bí màlúù bá sọnù, bí arúgbó bá ṣìnà, òun ni wọ́n ń wá pè. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo yanrìn, á wo koríko tó tẹ̀, á sì sọ ẹni tó kọjá, bó ru ẹrù, bí inú ń bí i. "Ẹnu lè parọ́," ló máa ń wí, "àtẹ́lẹsẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pa."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, orí àpáta yẹn ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí láàárọ̀. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ìyá á ṣáájú, á máa wọ́ ẹsẹ̀ tó ti fi ṣèṣe nígbà kan, bàbá á máa tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá náà kò tọpa ohunkóhun mọ́. Ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé kúrò nírọ̀lẹ́. Aṣọ wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, eruku wà lórí aṣọ. Àbúrò ìyá náà ọkùnrin ló ń bá wọn ra nǹkan wá láti ọjà. Àwọn oníbàárà kanlẹ̀kùn títí, ó sú wọn. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bẹ ikú pé kó má ṣe pẹ́ lọ́nà mọ́, ló rántí sálúbàtà.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, bàbá náà yọjú sẹ́yìn ilé láti bọ́jú. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nàró. Ó wọlé wá mú ọ̀pá rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, Bàbá?"

"Ẹnìkan kọjá." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ díẹ̀, ó sì jáde.

Oòrùn ti mú kó tó dé. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá.

Bẹ́ẹ̀ ló di ojoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ ipa ẹsẹ̀ náà ló ń gbà, kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ á mú ẹ̀ka igi, á fi gbá ọ̀nà náà láti ẹ̀yìn ilé dé etí odò, kí ti ọ̀la má baà dàrú mọ́ ti òní. Ó gé ẹ̀gún tó yọrí sójú ọ̀nà. Ó yí igi tó wó dábùú kúrò. Bí wọ́n bá jọ ń jẹun, á ròyìn.

"Ó dúró lábẹ́ igi ńlá nì lónìí," ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó jọ pé ó sunkún."

Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà ti sunkún lábẹ́ igi yẹn. Ó tẹrí ba, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, oníbàárà kan dá a dúró lójú títì, ó ní kó bá òun lẹ ṣòkòtò ọmọ òun. Ẹlòmíràn tún kó tirẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé. "Ìrìn rẹ̀ yá lónìí," ni bàbá náà wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí. "Ara rẹ̀ ti ń fúyẹ́." Ó bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀.

Àbúrò ìyá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló rí sálúbàtà ẹlẹ́rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí òkú bá lè rìn tó báyìí, kó wá bá òun ru ẹrù ọjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó mọ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn lò ń tàn jẹ. Ọjọ́ tó bá mọ̀, á tún ìyá rẹ sin lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ló máa gbé e lọ."

"Ó ti ń jẹun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ n máa tàn án."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Ó túbọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì náà dáadáa.

Òjò pa á lọ́nà lọ́jọ́ kan, ibà sì mú un. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́, ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ kan sálúbàtà, kò lágbára láti fà á jáde. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó gbọ́ tó dúró. Ilẹ̀ gbígbá lásán ló wà níta, kò sí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó fi ìrọ̀rí bojú.

Bàbá náà wọlé. Kò mú ọ̀pá dání. Abọ́ omi àti aṣọ ló gbé wá. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ aṣọ sómi, ó ń gbé e lé ọmọ rẹ̀ níwájú orí.

"Bàbá," ọmọbìnrin náà wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ó kọjá lónìí?"

"Báwo ni yóò ṣe kọjá, nígbà tí ibà ti gbé e dè síbí?"

Bàbá náà fún omi inú aṣọ dànù.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ìyá rẹ máa ń wọ́," ó ní. "Iwájú ni ìwọ ti máa ń wò ó bọ̀, ló ṣe dà bí òsì lójú rẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèmi ń tọ̀."

Ó tún aṣọ náà rẹ sómi, ó ní, "Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ẹsẹ̀ tìrẹ ni àkọ́kọ́ tí mo rí tó jáde kúrò nínú ilé yìí; ṣé kí n wá jókòó, kí n má tẹ̀lé ọ ni?"