Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Wá Wo Ayé

Kí ló pa ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́kún lọ́jọ́ náà? Títí di òní, ìyá ọmọ kò lè sọ.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà, fìlà kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Èépá ti bo àtàrí rẹ̀ lábala-lábala, òmíràn gùn, òmíràn rí roboto. Nọ́ọ̀sì ní yóò lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kò tíì rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kí òun wẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá, mo ti wẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ náà wẹ ọmọ? Omi kàn án lára, o ní o wẹ̀ ẹ́!"

Ìyá ọmọ yára pọn ọmọ, ó ní iṣẹ́ ń pe òun. Ìyá ọkọ wọ bàtà, ó tẹ̀lé e.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni ìyá ọmọ ń gbá. Lọ́jọ́ náà, oníṣẹ́ ọnà kan fẹ́ fi ayé han àwọn ènìyàn nínú fíìmù lára ògiri, bó ṣe rí láti òfuurufú. Ó ti wọ aṣọ funfun wíwú bíi ti àwọn tó ń lọ sí òfuurufú, ó ń làágùn, ó ń bá ẹnìkan jà lórí fóònù. Ibi tó ti ń jà ló ti já wọ yàrá ẹ̀yìn, tó bá ìyá ọmọ níbi tó ti ń fi òróró pa orí ọmọ. Ìyá ọmọ sáré mú fìlà láti fi bo orí ọmọ.

"Ẹ má dé e," ọkùnrin náà wí. Ó gé fóònù.

"Ìyá ọkọ mi wà níta, ẹ jọ̀ọ́."

"Iwájú pátápátá ni mo máa fi Màmá jókòó sí. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé."

Ó gbé iná aláwọ̀ aró kan wá, ó fi kọ́ sókè orí wọn, pẹ̀lú nǹkan dúdú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní iná náà dára fún ọmọ. Bí ìyá ọmọ bá máa yí ọmọ, kó rọra yí i.

Ọmọ sùn lórí itan ìyá rẹ̀. Ohùn oníṣẹ́ ọnà ń gba ara ògiri wọlé: "Ilé wa nìyẹn o! Ẹ wò ó dáadáa!" Ọmọ sín. Ẹnìkan kígbe ní gbọ̀ngàn pé ayé mì. Ìyá ọmọ rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́. Ó rò pé fíìmù náà dùn.

Ó dé fìlà fún ọmọ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá ọkọ dúró síbẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nu ojú.

"Ìyàwó, ayé ń mí! Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tó rọ̀, tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Háà! Ẹni tó mọ ọ́n mọ iṣẹ́."

Ó gba ọmọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí fìlà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò ṣí i.

"O ń tọ́jú rẹ̀," ló wí. Kò sì dá ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ sílẹ̀ mọ́ títí tó fi padà sílé.

Ọmọ náà ti ń dá gbé báàgì lọ sílé ìwé kí adènà gbọ̀ngàn tó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé fíìmù ayé ti bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé kámẹ́rà ni nǹkan dúdú ẹ̀gbẹ́ iná, àti pé orí ọmọ rẹ̀ ni igba ènìyàn tẹjú mọ́ lára ògiri fún odidi wákàtí kan.