Ológbò Bàbá Onílẹ́tà

Ọjọ́ kẹta tí bàbá náà kó dé yàrá ìsàlẹ̀ ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ni. Ó fi tépù ìwọnṣọ kọ́rùn, ojú rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ológbò yín. Orí aṣọ oníbàárà mi ló sùn sí lánàá. Bí mo ṣe lé e, ògiri ẹ̀yìnkùlé ló fò, ó gba ọ̀dọ̀ yín lọ."

Bàbá wo inú yàrá rẹ̀ yíká. Láti ọjọ́ tó ti dé, ohùn rédíò nìkan ló ń gbọ́ nínú yàrá náà.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Kò wọlé. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń ṣàlàyé ìyà tí irun ológbò fi ń jẹ aránṣọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, tó ń ṣa lẹ́tà ẹlòmíràn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, a máa pè é ní ìparí oṣù bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ká má parọ́, ìdánìkanwà ń jẹ ẹ́ níyà. Nínú ilé tuntun yìí, ọwọ́ aránṣọ nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ológbò nìkan ló sì ń gbé e wá.

Ológbò náà ò kúkú jẹ́ kó pẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó da agolo bọ́tìnnì nù. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó jí ẹja nínú ìkòkò. Aránṣọ á wá, bàbá á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì ti orí ẹ̀sùn bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì: eékún tó ń ro bàbá, ọmọ aránṣọ tó lọ sílé ọkọ tí kì í yà wálé mọ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń ṣí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ láràárọ̀, tó ń gbé orí ẹja síbẹ̀.

"Ẹ̀ ń kẹ́ ẹ jù," ni aránṣọ wí. "Ìyẹn ló sọ ọ́ di ìpáǹle. Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?"

Bàbá wo orí tábìlì. Òǹtẹ̀ onígi tó fi ń lu lẹ́tà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Òǹtẹ̀," ló wí.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Iṣẹ́ ìjọba ò tíì kúrò lára yín o, Bàbá Onílẹ́tà!"

"Nígbà tẹ́ ẹ rí i lónìí, ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ẹ gbà mí o! Èmi ni wọ́n jà lólè, àlàáfíà olè lẹ̀ ń béèrè!"

Ọ̀rọ̀ di ńlá lọ́jọ́ tí ológbò fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rìn lórí aṣọ funfun ìyàwó tuntun kan. Aránṣọ ò kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ onílé ló gbà lọ tààrà, onílé sì dé tòun ti ìwé àdéhùn.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní sin ẹran kankan nínú ilé mi. Ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ológbò yìí, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Aránṣọ dúró lẹ́yìn onílé, ó káwọ́ lé àyà. Bàbá wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa yọ ọ́ nínú wàhálà yìí, ọ̀rọ̀ náà ló sì máa lé aránṣọ lọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ayé.

"Èmi ni mo ni ín," ló wí.

"Ó dáa. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, kó kúrò, tàbí kí ẹ̀yin kúrò."

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ kan jáde, ó ti fi aṣọ bò ó, ó sì fi okùn dì í. Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Kò jọ ẹni tó jàre ẹjọ́.

"Ibo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Oko ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó jìnnà."

"Kò tilẹ̀ ké."

"Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi."

Aránṣọ sáré wọlé, ó di ẹja sínú bébà wá. "Kó jẹ ẹ́ lọ́nà. Ẹ jẹ́ n dágbére fún un." Ó na ọwọ́ sí aṣọ náà, ṣùgbọ́n bàbá fà sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ó sùn," ló wí. Ó jókòó ní ibùdókọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà sílé.

Ó ti fèrèsé ẹ̀yìnkùlé pa, kò gbé orí ẹja síbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn. Bí òun àti aránṣọ bá pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n á kí ara wọn, ó parí.

"Ológìnní ràjò, ilé dilé èkúté," ni aránṣọ wí lọ́jọ́ kan. "Eku ti jẹ òwú mi tán." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ń ṣe bàbá bíi kó lọ kan ilẹ̀kùn tirẹ̀, àmọ́ kò ní ẹjọ́ kankan tó fẹ́ gbé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn dún gbàgbàgbà. Aránṣọ ni, ó ń mí hẹlẹ, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé.

"Bàbá! Òǹtẹ̀ ti dé o! Ó rìn láti oko padà wálé! Orí ẹ̀rọ mi ló sùn sí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí onílé gbọ́. Ẹ wá wò ó!"

Bàbá ò dúró wọ bàtà, ó sáré tẹ̀ lé e, nítorí kò sin ológbò kankan rí láyé rẹ̀, ó sì ti ń wù ú tipẹ́tipẹ́ láti mọ àwọ̀ tí èyí ní.