Ọ̀nà Tó Gba Iwájú Ilé

"Bàbá, ẹ rọra, kí ọ̀dà yẹn má dà sí yín lára."

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín. Òun ló ru garawa ọ̀dà pupa gun òkè Adó-Àwáyè fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ìjọba fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sẹ́bàá Ìyàkẹ́, adágún orí òkè, kí àwọn olówó lè máa wá gbafẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ló kù tí wọn ò tíì sàmì sí.

"Apá ìwọ̀-oòrùn la máa gbé e gbà," ọ̀gá wọn wí.

"Àpáta ló kún ibẹ̀, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ó gba iwájú ilé mi. Ìyàwó mi á máa sun iṣu fún àwọn àlejò."

"Ẹ gbọ́ Bàbá, iṣu sísun ni wọ́n ń rò!" ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wí.

Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Méjì nínú wọn bu ọ̀dà, wọ́n ṣíwájú sọ̀ kalẹ̀ lọ sàmì.

Nígbà tí òun àti ọ̀gá délé, ìyàwó rẹ̀ ń fi kànrìnkàn fọ àmì pupa kúrò lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sin bàbá Amọ̀nà sí.

"Bàbá Àsíátù, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ba ògiri wa jẹ́! Wọ́n ní wọ́n máa wó o!"

Amọ̀nà yíjú sí ọ̀gá. "Iwájú ilé la jọ sọ."

"Ọ̀nà náà fẹ̀, Bàbá. Ó dé ẹ̀yìnkùlé yín."

"Ẹ sọ garawa yẹn kalẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ wá bá mi fọ̀ ọ́."

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ tí ọ̀dà ti dà sí gba kànrìnkàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ibi tó bá fọwọ́ kàn lára ògiri, ibẹ̀ náà a pọ́n.