Ọjọ́ Kan Péré ni Ìyá Rẹ̀ Bẹ̀ Ẹ́ Fún

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ jù ú sílẹ̀ o. Ẹ kà á débi tó parí sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lókè òkun, tí ẹ rò pé ẹ gbọ́n ju ìyá yín lọ.

1.

Obìnrin kan wà tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù. Ó kó ọmọkùnrin méjì wọ orílẹ̀-èdè àjèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kí ìjọba tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní káàdì ìgbélùú, èyí tó fún wọn láyè láti máa gbé ibẹ̀ títí. Ọṣẹ olóró ti ba èékánná rẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Ó kó káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo bisikíìtì, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀gbọ́n mọ̀wé gan-an. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ ti ń pè é ní Porofẹ́sọ̀ kó tó jáde ilé ìwé girama. Ká sòótọ́, orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ kó sí i lórí.

2.

Yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wọ́n gbà á pé kó wá kọ́ṣẹ́ dókítà. Ìyá sunkún ayọ̀, ó jó, ó yọ káàdì ọmọ náà nínú agolo fún un. Ṣùgbọ́n òfin wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé tó bá káàdì wá: ẹni tó bá lo oṣù méjìlá níta láìfẹsẹ̀ kan ilé, káàdì rẹ̀ kú nìyẹn. Tó bá sì wálé, kódà fún ọjọ́ kan, wọ́n á tún oṣù kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí méje péré ni bọ́ọ̀sì ń rìn.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìyá pè é.

"Ọmọ mi, wá lọ́jọ́ kan péré. Sùn, jẹun, kó o padà."

"Mọ́mì, ìdánwò ń bọ̀."

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó tún pè.

"Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ fún ẹ ni?"

"Ẹ̀yin àti ìbẹ̀rù yín! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ka lẹ́tà ìjọba láìpe Àbúrò, ẹ fẹ́ wá kọ́ mi lófin?"

Ìyá rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, kò sí ìdánwò kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Etí òkun ni Porofẹ́sọ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n lò níbẹ̀.

3.

Nígbà tó wọ oṣù kẹtàlá, ẹ̀rù wá bà á. Ṣé ó wá jẹ́wọ́? Rárá o. Ó rántí pé kò sí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ síwèé fún àwọn èrò bọ́ọ̀sì ní ẹnubodè. Tí orúkọ rẹ̀ bá ṣáà ń hàn nínú ìwé nílé, ta ló máa mọ̀ pé kò sí níbẹ̀? Ló bá fi káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àbúrò, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì. Àwọn méjèèjì jọra gan-an, títí dórí etí.

"Máa mú un lọ sí láíbìrì, máa mú un lọ rí dókítà."

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí wọ́n bá mú mi ńkọ́?"

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú èmi àti ẹ?"

Àbúrò ki káàdì náà bàpò. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í já ẹ̀gbọ́n ẹni lẹ́nu. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà rí eyín kan tó ti jẹrà, ó ní àfi kí òun yọ ọ́. Àbúrò ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀, ló bá yanu. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n yọ eyín mi o. Èyí tó tóbi lápá ọ̀tún nísàlẹ̀."

Porofẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ó tún dáa bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rí tí wọn ò lè já ní koro nìyẹn. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn."

4.

Ọdún kejì, àsìkò tó láti pààrọ̀ káàdì. Porofẹ́sọ̀ wọ kóòtù wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé rẹpẹtẹ. Ìyá àti Àbúrò jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin àgbà kan tó wọ awò ojú ló ń yẹ ìwé náà wò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ka lẹ́tà dókítà eyín lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ yọ eyín lọ́dún tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó dùn mí wọra."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu."

"Mà?"

"Ẹ yanu kí n wò ó."

Dókítà lọ́la yanu. Eyín rẹ̀ pé, ó funfun, ó tò lọ rẹrẹ. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó wo ẹni tó jọ ọ́ tó jókòó lẹ́yìn, tó ti fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìmọ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ yanu."

5.

Káàdì méjèèjì ni wọ́n gbà, ti ẹni tó purọ́ àti ti ẹni tó bá a purọ́. Yunifásítì gbọ́, wọ́n yọ orúkọ Porofẹ́sọ̀ kúrò. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì padà sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí wọn.

"Mọ́mì, ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Àbúrò ló ń bèèrè ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tó kúrò níbẹ̀.

Ìyá fà á mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n ló kọjú sí.

"Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́ fún."

Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Porofẹ́sọ̀ mọ́. Ó ṣì ń fọ aṣọ ibùsùn. Káàdì kan ṣoṣo ló kù nínú agolo. Àwọn ọmọ jọ ń gbé yàrá kan lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá ń jẹun, apá òsì nìkan ni Àbúrò fi ń jẹun, Porofẹ́sọ̀ á sì máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lókè òkun, ẹ ka oṣù yín. Ẹ ka òfin tó wà lára káàdì yín, nítorí ti ibì kan ò jọ ti ibòmíràn. Tí ẹ bá ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ẹ má fa ọmọ ìyá yín wọ inú ẹ̀. Tí ìyá yín bá sì pè pé kí ẹ wálé, ẹ má yínmú sí i. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan péré ni.