Iná Tí Ondrej Dá

"Bàbá, ẹ rọra! Ẹ má gún iná náà látòkè!"

Bàbá Ondrej, awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín. "Ludmila, ta ló kọ́ ọkọ ẹ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iná èédú? Ṣebí èmi ni."

Ó gbọn eérú ààrò irin náà títí ẹyin iná fi hàn nísàlẹ̀, ó da èédú kún un dé ẹnu, ó sì dín ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kí ó má baà tètè jó tán.

"Á wà títí di alẹ́."

"Oṣù Kẹwàá ni Ondrej dá a, kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀," ni opó náà wí. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń bọ́ iná náà bí iná orí pẹpẹ. Ẹ má jẹ́ kó kú lónìí."

Wọ́n sin Ondrej bí yìnyín ṣe ń bọ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà náà sáré wá wo ààrò. Ó ti tutù. Òun fúnra rẹ̀ ló ti dín afẹ́fẹ́ náà kù jù.

"Olúwa, dárí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó la igi wẹ́wẹ́, ó sì ṣáná sí i.

Nígbà tí Ludmila wọlé, èédú ti ń pọ́n. Ó na ọwọ́ sí i. Èédú ìlú wọn kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n òórùn èéfín igi gba gbogbo ilé.

"Kò kú?"

"Kò kú, ọmọ mi."

Ludmila sún mọ́ bàbá náà, ó ṣa ẹ̀rún igi kan kúrò lápá ẹ̀wù dúdú rẹ̀, ó sì jù ú sínú iná.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."